Ìkòkò Kan, Àwo Méjì

Èmi tí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀
nígbà tí Ìbídùnní wà láyé,
èmi náà rèé ní aago márùn-ún ìdájí,
ní Òmù-Àrán, nínú ọyẹ́,
tí mo jókòó ti ààrò, tí mò ń bó ọ̀dùnkún fún ajá.

Ẹ rọra rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yìnlàárò ni orúkọ rẹ̀. Ìyàwó mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀
lọ́jọ́ tó gbé e wálé nínú páálí ọṣẹ.
Nígbà tí ilé wá dá,
àjẹkù mi ni mò ń jù sí i:
ẹ̀bà àná, eegun ṣàwá, omi ọbẹ̀ tó ti kan.
Irun rẹ̀ ń re bí ewé igi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn,
ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ wọ́,
o lè dúró ní títì kí o ka ìhà rẹ̀.

Mo gbé e wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin.
Awakọ̀ gba owó èèyàn méjì.
Dókítà Ráfátù, tí kò lè ju ọmọ mi lọ,
fọwọ́ tẹ eegun ẹ̀yìn rẹ̀, ó ya ẹnu rẹ̀ wò,
ó ní, "Bàbá, ikùn rẹ̀ kún, ebi sì ń pa á."
Ó wá wo ọrùn ẹ̀wù mi tó ti fẹ̀ jù mí lọ.
Kò sọ nǹkan kan sí ìyẹn.

Nítorí náà, bí mo ṣe ń sè é nìyí.
Ẹran ló ń ṣíwájú, iwe tàbí ọkàn màlúù,
kí ó tó ìdajì ìkòkò.
Ẹ̀dọ̀ kò gbọdọ̀ ju àtàǹpàkò mi lọ;
ẹ̀dọ̀ dà bí ìyìn, díẹ̀ ló ń ṣeni lóore.
Ìrẹsì ẹ̀kúnwọ́ kan, elégédé tó pọ́n,
tẹ̀tẹ̀ tí mo já lẹ́yìn balùwẹ̀.
Ọjọ́ tí mo bá fi ẹja sè é,
mo ń ṣa eegun rẹ̀ títí ojú á fi máa ro mí.
Èèpo ẹyin, mo ń sá a, mo ń lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè,
ṣíbí kékeré kan, nítorí ẹsẹ̀ tó wọ́.
Kò sí iyọ̀. Kò sí ata. Kò sí Mágì.
Àlùbọ́sà ńkọ́? Májèlé ni fún ẹ̀jẹ̀ ajá,
Dókítà fàlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Bí oṣù bá parí, mo ń gbé e sórí òṣùwọ̀n Ìbídùnní,
èyí tó fi wọn ọmọ ìkókó àdúgbò yìí
ní gbogbo ọdún tó fi ṣe nọ́ọ̀sì.
Ìyá Mopélọ́lá yọjú lórí ògiri:
"Háà! Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọn Adéṣọyè mi!"
Mo ní, "Ẹ má bínú, mo ti fi Dẹ́tọ́ọ̀lù nù ún."
Ó dákẹ́ díẹ̀. "Àwọn méjèèjì, èwo ló wúwo jù?"
Ó pẹ́ tí ẹ̀rín ti dún kẹ́yìn lágbàlá yẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ mi pè láti Kàdúná:
"Bàbá, kí lẹ jẹ lónìí?"
Mo ti la ẹnu láti purọ́ bí ìṣe mi,
àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi tó ń ka
iwe, tẹ̀tẹ̀, elégédé.
"Ta ló ń dáná fún yín?"
Mo wo Ẹ̀yìnlàárò.
Ìkòkò ni òun ń wò ní tirẹ̀.

Torí bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀,
tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń bù, mo ń tẹ́ ẹ kó tutù.
Èyí tó kù, mo ń dá a padà sórí iná,
ìgbà yẹn ni mo tó ń wá iyọ̀,
ìgbà yẹn ni mo tó ń rẹ́ àlùbọ́sà,
tí omi ń bọ́ lójú mi, tí n kò nu ún.

Òṣùwọ̀n ọmọ kò lè gbé mi.
Ṣùgbọ́n lánàá, bí mo ṣe ń múra àtilọ ṣọ́ọ̀ṣì,
mo de bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù mi,
ó há díẹ̀.