Funfun Kì Í Ṣe Funfun

Ogójì ọdún ni mo fi fa wáyà iná wọ ilé onílé
ní Lemvig, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń bá ilẹ̀kùn jà.
Mo tẹ bọ́tìnnì, gílóòbù tàn, mo gba owó mi, mo lọ.
N kò bojú wẹ̀yìn rí
wo ohun tí ìmọ́lẹ̀ náà bà lé.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí.
Mo gbé kánfáàsì kalẹ̀ nínú ilé ìdáná mi,
Gudrun Thygesen jókòó lẹ́yìn mi pẹ̀lú kọfí rẹ̀,
ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ojú rẹ̀ mú ju abẹ lọ.
"Asger, kí lo rí?"
Mo ní: fèrèsé. Tábìlì. Àga. Ilẹ̀ onípákó.
"Orúkọ lò ń kà fún mi yẹn.
Ohun tí o rí ni mo bi ọ́."

Kọ́tìnì funfun ni, mo fi funfun kùn ún,
funfun pọ́ńbélé, bó ṣe ti inú túùbù jáde.
Ó kú sórí kánfáàsì bí ẹja ọlọ́jọ́ mẹ́ta.
Gudrun ha á kúrò, kò bínú.
Ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ bu àwọ̀ ìyeyè,
ó bu pupa tí kò tó ojú èèrà,
ó fi aró díẹ̀ sí ibi tí aṣọ ti ṣẹ́po,
ó ní kí n di ojú fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni oorun ń kùn.
Oorun lójú, oòrùn ní fèrèsé:
kọ́tìnì náà mí.

Òjìji ńkọ́? Mo ní dúdú ni.
"Irú dúdú wo? Wo abẹ́ tábìlì."
Mo kúnlẹ̀, orúnkún mi ké.
Elésè àlùkò wà níbẹ̀, àwọ̀ ewé tó ti gbó wà níbẹ̀,
pupa kan tí pákó ń yá oòrùn lò.
Òkùnkùn tí mo ti ń sá fún láti ìgbà tí Birthe ti lọ,
àwọ̀ ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Oòrùn oṣù kejì kì í bá ni ṣeré níhìn-ín.
Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ló ń wọlé,
á rìn láti ìdí sítóòfù dé ẹsẹ̀ àga,
kí mẹ́wàá tó lù, ó ti bá tirẹ̀ lọ.
Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àmì ti yẹ̀.
Ọjọ́ mẹ́ta, òjò.
Ọmọ mi Maren wá láti Aarhus,
ó ní búrẹ́dì mi ń rùn ti tapẹ́ńtáìnì.
Ó jẹ ẹ́ náà.

Mo fẹ́ kun Birthe sórí àga rẹ̀.
Gudrun mi orí. "Kun ìjókòó yẹn."
Mo wò ó: ẹ̀gbẹ́ kan ń dán, ẹ̀gbẹ́ kejì kò dán,
nítorí ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi jókòó, kó lè rí ẹbúté.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, n kò mọ̀.
Oòrùn mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ bà lé.

Ẹsẹ̀ tábìlì ṣì wọ́ lójú àwòrán náà.
Ọ̀dà kò tíì gbẹ; ìyeyè wà ní àtàǹpàkò mi.
Ilẹ̀ ń ṣú. Ọwọ́ mi na sí bọ́tìnnì iná fúnra rẹ̀,
mo fà á padà,
mo dúró díẹ̀ nínú elésè àlùkò.