Ìwọ̀n Àtùpà, ní Ìwòpin

Ní èbúté Ìwòpin, kí iná mànàmáná tó dé ọ̀dọ̀ wa,
Tíṣà Odùfúwà kó wa jókòó sórí ọkọ̀ tó dojú dé.
Ó ní ká dijú, ká ka igba,
kí òkùnkùn mọ̀ wá kó tó fi ohun tó ní hàn wá.

"Àwọn ará àtijọ́ to ìràwọ̀ bí ipò nínú kíláàsì:
èyí tó mọ́lẹ̀ jù gba kìíní,
èyí tí ojú ń wá tipátipá, ẹ̀kẹfà.
Ẹ má jẹ́ kí nọ́mbà ńlá tàn yín jẹ:
bó ṣe ń ga sí i ni ìmọ́lẹ̀ ń joro."
Ṣóbándé, tó gba ipò kejìlélógójì ní táàmù tó kọjá,
wolẹ̀.

Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá, gbogbo wa mọ̀ ọ́n;
ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ pé ìràwọ̀ tó kéré bí ẹnu abẹ́rẹ́
lè jẹ́ òmìrán tó jìnnà,
kí èyí tó ń yan fanda lórí wa jẹ́ aládùúgbò lásán?

Tíṣà nawọ́ sójú ọ̀sà, síbi tí àtùpà àwọn apẹja fọ́n ká sí.
"Károsíìnì kan náà ni, òwú kan náà.
Bí ọkọ̀ bá jìnnà ní ìlọ́po méjì,
ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló kù fún ojú."

N kò gbọ́ ìyókù. Mo ti rí ti bàbá mi,
nítòsí ibi tí wọ́n dẹ ìgèrè sí.
Mo wá èyí tó jù ú lọ díẹ̀, mo wá èyí tí kò tó o,
mo fi tirẹ̀ sáàárín: ipò kejì.
Nígbà tó yá, ẹ̀kẹta.
Ká tó dìde, ó ti di kẹrin àbọ̀.

"Tíṣà, tó bá ń joro, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀
bóyá ó ń jìnnà ni, àbí epo ló ń tán?"
Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.
"Iṣẹ́ wa gan-an nìyẹn," ló wí.
"Ìmọ́lẹ̀ nìkan kò lè dá ọ lóhùn."

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi; òjò ti jẹ igun rẹ̀ kan.
Afẹ́fẹ́ díẹ̀. Kò sí òṣùpá.
Bàbá: 2, 3, 4½.
Lábẹ́ rẹ̀, ìlà tí mo fi bírò fà títí ó fi ya bébà,
àti ohun tí mo kọ ní ìdájí:
Ó ti dé. Ọ̀bọ̀kún mẹ́jọ. Epo ló tán.