Ẹyẹ inú Kàlẹ́ńdà

Kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá ni.
Dókítà òyìnbó kan fi sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀ nígbà tó ń relé;
bàbá mi, Tíṣà Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, gbé e kọ́ ògiri pálọ̀ wa ní Ìsánlú,
ó ní àwòrán kì í bá ọdún kú.

Oṣù Kẹjọ ni mo fẹ́ràn jù.
Ará Họ́láńdì ló yà á, ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún:
ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n bó, tí èèpo rẹ̀ ń fì létí tábìlì,
edé pupa kan tó tó apá ọmọdé,
àwo funfun aláró tí wọ́n kó ti Ṣáínà bọ̀.
Lókè gbogbo rẹ̀, lórí irin róbótó,
odídẹrẹ́.

Mo pe Ìyé Dúrójayé wá wò ó.
Ó fi ìka tó ń gbọ̀n tọ ìrù ẹyẹ náà:
"Ìkóóde nìyí. Ẹyẹ wa ni.
Ta ló mú un débẹ̀?"

Mo ní ọkọ̀ ojú omi ni, àwọn tó wá ra wúrà,
eyín erin, ataare;
atukọ̀ a ra ẹyẹ kan, a kọ́ ọ lédè lójú ọ̀nà,
èyí tó bá sì mọ èèyàn-án bú ló ń pa owó jù ní èbúté.

Ìyé rẹ́rìn-ín. Bàbá tiẹ̀ náà dẹ àtè fún wọn
kí wọ́n tó gé ìrókò ìsàlẹ̀ odò tán.
A máa fa ìyẹ́ ìrù, a sì tú ẹyẹ sílẹ̀
kó lè tún hù.
"Ti àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"
Mo fi ẹ̀wọ̀n wẹ́rẹ́ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ hàn án.
Ó ní okùn ni, ìbáà jẹ́ wúrà.

Mo fẹ́ ṣí Oṣù Kẹsàn-án, ó di ọwọ́ mi mú.
"Ta lèyí?"

Lẹ́yìn abọ́ èso, nínú òkùnkùn igun,
níbi tí mo ti ń wò láti ọjọ́ yìí tí n ò rí nǹkan kan,
ọmọkùnrin dúdú kan, yẹtí funfun létí,
ó gbé àwo dání, ó ń wo ẹyẹ.
Ẹyẹ náà ń wò ó.

Orúkọ ayàwòrán wà nísàlẹ̀. Wọ́n dárúkọ èso,
wọ́n dárúkọ odídẹrẹ́ lédè wọn.
Wọn ò dárúkọ ọmọ.

Ìyé fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìwé náà
bí ẹni tó ń wo ibà lọ́rùn ọmọdé,
ó sì kí i, bí a ti í kí ẹni tó toko bọ̀:
"Okun o."

Ó wá dákẹ́, ó dúró,
bí ẹni tó mọ̀ pé òkun fẹ̀,
pé ìdáhùn á pẹ́ kó tó dé.