Gegele Iwájú Ṣọ́ọ̀bù Mi

Ní Ìwáyà, níbi tí ọ̀nà ti ń yọ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀sà,
ẹ̀rọ ìránṣọ mi kọjú sí títì,
mo sì ń dá ọkọ̀ mọ̀ kí n tó rí i.
Ti Alàgbà Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ a máa wúkọ́;
kó tó dé, a ó ti gbé àga wa kúrò.
Ti àwọn oníyanrìn a máa kérora.
Ti Múftáù kì í wúkọ́, kì í kérora:
fìààà!
Eruku ló máa ń jíṣẹ́ pé ó ti lọ.

Mo rán aṣọ funfun méjìlá fún ẹgbẹ́ akọrin,
mo fi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà.
Múftáù kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
ó di aṣọ àwọn tó ń gbẹ́ kòtò.
Mo tún un fọ̀. N kò sọ̀rọ̀.
Ta ló ń bá ẹni tó ti lọ jà?

A kọ ọ́ sára ògiri: RỌRA, ỌMỌDÉ Ń ṢERÉ.
Ẹni tó ń sáré kì í kàwé.
A gbé táyà àlòkù méjì sójú ọ̀nà,
ó fi bọ́ńpà kó wọn dà sí gọ́tà.
Alàgbà ránṣẹ́ pè é. Ó wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbọrọ,
"Ẹ má bínú, bàbá,"
ó gbọn eruku àyà rẹ̀ nù,
ó wọ ọkọ̀, ó fi eré sọ pé ó dàárọ̀.

"Ó kàn ń sáré ni," là ń wí nígbà yẹn.
A ò tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹnu wa:
ohùn díẹ̀ ló ya sáré sọ́tọ̀ kúrò lára sàréè.

Ọjọ́ Àlàmísì kan, lẹ́yìn òjò,
wọ́n rán Anjọlá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
kó lọ ra iyọ̀ wá.
Mi ò ní sọ ohun tó tẹ̀ lé fìààà.
Iyọ̀ náà fọ́n ká sójú títì,
kò sẹ́ni tó gbá a.
Oṣù kẹta ló tó padà wálé
pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan àti igi méjì.
Múftáù sanwó ilé ìwòsàn, ó sunkún níṣojú wa,
ó rọra títí oṣù fi lé.
Lẹ́yìn náà, fìààà.

Ìgbà náà la dáwó sìmẹ́ǹtì.
Baálé ojúlé kọkànlá ní òun kò bímọ, òun kò san.
Ìyàwó rẹ̀ wá san án lóru,
ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kó ta sí i létí.
Húnpè, bíríkìlà ọmọ Ègùn, gba iṣẹ́, kò gbowó.
Ó ní lọ́nà tiwọn, lórí omi, kò sí mọ́tò,
ṣùgbọ́n òun mọ ohun tí ọkọ̀ ńlá ń ṣe sí ọkọ̀ kékeré.
A jiyàn lórí gíga rẹ̀.
Alàgbà ní kó tó orúnkún!
Mo ní ọkọ̀ yín ni yóò kọ́kọ́ kú síbẹ̀, bàbá.

Kó tó gbẹ, Anjọlá jáde.
Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Ó tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sínú sìmẹ́ǹtì,
ó ti igi bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì:
ihò róbótó, ihò róbótó.
Húnpè gbé irin ìrẹ́lé kó tún ojú rẹ̀ dán,
ó wo ọmọ náà,
ó gbé irin sílẹ̀.

Ìdájí ọjọ́ kejì, Múftáù dé. Gbì!
Ó sọ̀kalẹ̀ tèébú tèébú,
ó tan iná fóònù sí i.
Ẹ̀yìn fèrèsé ni mo wà.
Èébú náà kò jáde mọ́.
Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan,
ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọn ojú ẹsẹ̀ náà,
kò gbà á.

Mi ò sọ pé ó ti yí padà.
Mo ṣì ń gbọ́ eré rẹ̀ láti ìyànà ìsàlẹ̀.
Ṣùgbọ́n tó bá dé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi,
gbì, táyà iwájú;
ó dákẹ́ díẹ̀;
gbì, ti ẹ̀yìn.
Láàárín gbì méjèèjì ni mo ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́.
Tí òjò bá rọ̀, omi a dúró nínú ẹsẹ̀ yẹn,
adìyẹ a wá mu níbẹ̀.