Sí Ẹni Tí Ó Ta Ọkọ̀ fún Mi

Bàbá Kurokawa, ọkọ̀ yín ti dé.
Ó dé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, nínú òjò wínníwínní,
lórí ọkọ̀ òkun ńlá tó kó mọ́tò tí n kò lè kà tán,
wọ́n fi okùn dè é mọ́ àga irin
bí ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn àlejò.

Mo mọ̀ pé mo pẹ́ kí n tó sanwó.
Ẹ bínú díẹ̀;
ohùn yín tutù lórí fóònù bí ẹja inú yìnyín.
Ṣùgbọ́n ẹni tó bá náwó lé ẹja tó ṣì wà nínú ibú,
ibú ló náwó fún.

Àwòrán mẹ́rìnlá lẹ fi ránṣẹ́.
Ọkọ̀ funfun, òkun tó ń dán, oòrùn ń rẹ́rìn-ín.
Àwòrán kì í rùn.
Àwòrán kì í jò.
Mo wò wọ́n títí ojú fi ń ta mí,
mo wá bẹ Mizuho tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní Onomichi
pé kó bá mi fojú rí i.

Owó rẹ̀ wọ́n. Mo san án.
Ẹ rí i fúnra yín: òòlù kékeré lọ́wọ́ rẹ̀,
ó ń kan ìhà ọkọ̀ kọ́, kọ́, kọ́,
ó ń fi etí tì í bíi dókítà tó ń gbọ́ àyà arúgbó,
títí ó fi dé abẹ́ ìjókòó awakọ̀
tí òòlù dáhùn pé pọ̀ọ̀.
Omi ti wọ ibẹ̀.
Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ la fi ń pa eèrà ká tó rí ìfun inú rẹ̀.
Ẹ ò jiyàn. Ẹ ní, "Mo ti gbàgbé ibẹ̀,"
ẹ sì yọ ọ̀kẹ́ mẹ́wàá yẹ́nì kúrò.
Ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé ènìyàn ni mo ń bá dòwò.

Lẹ́yìn náà ni ìwé bẹ̀rẹ̀.
Ìwé pé tiyín ni, kì í ṣe ti báǹkì.
Ìwé pé wọ́n ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nílẹ̀ yín.
Ìwé owó ẹnubodè, ìwé adójútòfò,
ìwé tó ń jẹ́rìí sí ìwé.
Àbúrò mi Te Ahu ní ká kúkú fi ìwé kan ọkọ̀ mìíràn.
Owó náà, ẹ dárí jì mí,
ọwọ́ agbẹjọ́rò ló sùn sí fún ọjọ́ mọ́kàndínlógójì.

Wọ́n ha ìdí rẹ̀ mọ́ kó tó gbéra,
gbogbo ìkarahun, gbogbo ewéko òkun,
nítorí omi tiwa kò fẹ́ àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn.
Síbẹ̀, ní Tauranga, obìnrin kan tó wọ bàtà rọ́bà
gòkè pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì,
ó wo ihò, ó wo okùn,
ó nawọ́ sábẹ́ ibùsùn,
ó fa àpò bébà kan yọ.

Èso kakí tí ẹ sá gbẹ.
Mẹ́sàn-án,
àti lẹ́tà.
Ó wò mí. Mo wò ó.
"Ṣé o mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?"
Mo ní rárá. Òótọ́ sì ni.
"Kòkòrò lè wà nínú rẹ̀."
Mo mọ̀. Àrùn òkèèrè ló pa ọgbà kíwì ẹ̀gbọ́n mi,
èmi ni mo bá a fa gbogbo rẹ̀ tu.
N kò bẹ̀bẹ̀.
Ó kó wọn sínú ọ̀rá, wọ́n lọ sun wọ́n.
Mo gbọ́ òórùn wọn kí ọ̀rá tó pa ẹnu dé:
bí oyin, bí èéfín ilé àgbà.

Lẹ́tà nìkan ló fún mi. Mizuho kà á fún mi lórí fóònù:
"Ìyàwó mi ló gbin igi náà. Inú ọkọ̀ yìí la ti máa ń jẹ ẹ́.
Ẹ̀rọ rẹ̀ a máa wúkọ́ láàárọ̀. Ẹ má fipá mú un."

Bàbá, n kò jẹ ẹ́.
N kò lè purọ́ fún yín pé ó dùn.
Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, lẹ́nu odò Ópótíkì,
ẹ̀rọ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.
Mo ká ọwọ́ kúrò lára kọ́kọ́rọ́,
mo dúró dè é.