Omi Tí Kò Sọ̀rọ̀

Omi lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Mo dúró lábẹ́ ṣáwà
bí ẹni tó ń retí èsì lẹ́tà tí kò kọ.
Mo yí ọwọ́ ẹ̀rọ sí apá òsì, síbi àmì pupa,
mo yí i títí kò fi yí mọ́.
Kò tutù, kò gbóná:
kò ṣeé po ògì, kò ṣeé mu gààrí.

Oṣù Ògún ni. Òjò Èbúté-Mẹ́ta ń rọ̀ wínníwínní,
eegun Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́.
Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin
kì í fi irú omi yìí fọ ẹ̀yìn.

Mo pe Kàmórù oníṣẹ́ omi.
Ó gun àga, ó fi sípánà lu ikùn híítà,
ó ní omi ń sáré jù, kì í dúró gba iná.
Ó dín ẹnu rẹ̀ kù.
Ṣáwà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ bí ọmọ ìkókó,
ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Ó gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, ó lọ.

Jeremáyà oníná dé lọ́jọ́ kejì, tẹ́sítà létí.
Ó ní iná àdúgbò wa ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀,
ó ní wáyà tín-ín-rín ni ẹni tó kọ́lé lò,
ó ní ká pààrọ̀ nǹkan kékeré kan
tó máa ń sọ fún híítà pé, "Ó tó."
A pààrọ̀ rẹ̀.
Híítà ò gbóná débi tẹ́nikẹ́ni yóò ti sọ pé ó tó.

Gbogbo àsìkò yìí, Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá,
aṣọ ìnura lọ́rùn, ọṣẹ nínú abọ́,
ó ń wò wá bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù àná.

Bàbá mi, tó fi ọdún mọ́kànlá kó èédú sẹ́nu iná
nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń fi èéfín mí.
Bàbá mi, tó mọ ohùn ooru
bí ìyá ti í mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀ láàárín èrò.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ó ní, "Ìbídùn, pa rédíò yẹn."
Ó gbé etí lé ara híítà.
"O gbọ́?"
Mi ò gbọ́ nǹkan kan.
"Òun nìyẹn. Omi tó ń gbóná kì í dákẹ́.
Á kọ́kọ́ máa kùn, á wá máa súfèé, kó tó hó.
Èyí ti wọ ẹ̀wù. Tú u."

A pa iná. A fa omi inú rẹ̀ sí bọ́kẹ́ẹ̀tì.
Mo tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, mo fa irin tí ń mú omi gbóná jáde.
Kì í ṣe irin mọ́.
Òkúta funfun ti gùn ún, ó ki pọ́pọ́:
iyọ̀ omi ilẹ̀ tí a ń fà, ọdún méje gbáko.
Iná ń jó nínú lọ́hùn-ún, ooru ò rọ́nà jáde.

"Èépá ni," Bàbá ní.
"Ikùn ọkọ̀ tiwa náà máa ń ní in.
Lọ́jọ́ Sátidé, àwa tá a kéré ni wọ́n máa ń tì wọ inú rẹ̀
pẹ̀lú òòlù àti fìtílà, ká máa ha á.
Lásùnkànmí wọ inú ẹ̀ lọ́jọ́ kan..."
Ó dákẹ́.
Kò parí ọ̀rọ̀ Lásùnkànmí.

Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi.
Ọwọ́ tí kò lè de bọ́tìnnì ara rẹ̀ mọ́
kò gbọ̀n.
Díẹ̀díẹ̀, èépá ń já sínú agolo mílíìkì.

Aago mẹ́wàá ti kọjá ká tó dá irin padà.
A tan iná. A jókòó sétí ibùsùn, rédíò ní pípa,
à ń gbọ́ bí a ṣe ń mí.
Nígbà tó ṣe, ara ògiri kùn.
Bàbá gbé ìka kan sókè.

Mo ní, "Ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní?"
Ó ń fi ẹsẹ̀ wá sálúbàtà rẹ̀ kiri.
"Ta ló bi mí?"

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.
Èéfín omi ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn yọ.
Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó pẹ́ débi tí mo fi kanlẹ̀kùn.
Ó ní kí n má da agolo yẹn nù.