Ìbọn Méjì Lẹ́sẹ̀ Òkè Ṣábẹ̀

Ọta kan náà ni wọ́n ń jẹ,
ọta kúkúrú olórí róbótó, oúnjẹ ìbọn ìléwọ́.
Inú agolo mílíìkì kan ṣoṣo ni mo kó o sí fún àwọn méjèèjì.
Ọmọ ìyá tó ń bu òkèlè nínú àwo kan,
ìwà wọn ò bára mu.

Ẹ̀yìn oko ìrèké ni pápá náà wà,
níbi tí àpáta ti dúró bí ẹni tó ń tẹ́tí.
Ọyẹ́ ti sọ ewé kajú di eléruku.
Bàbá Wòrú gbé pákó sí àádọ́ta ìṣísẹ̀,
ó fi ẹfun ya ojú kan sí i láàárín,
ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá okùn yìí
àfi tí mo bá gbé àkísà pupa sókè."
Bíọ̀, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sándámù,
rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dúró sẹ́yìn okùn.

Ti Wòrú ni ti àtijọ́.
Igi ni ìdí rẹ̀, ó ń dán níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń kàn án
láti ayé bàbá rẹ̀.
Irin kan wà lábẹ́ okùnfà bí òrùka ńlá:
tì í sísàlẹ̀, fà á padà,
kàrà-kò,
bí àgbàlagbà tó ń rún ẹ̀pà.
Ó yìn ín: gbòà!
Àpáta gbà á, ó sọ ọ́ padà: gbòà.
Wòrú ń dúró kí òkè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀
kó tó tún ṣe kàrà-kò.
Mẹ́wàá ló yìn. Mo rìn lọ, mo ka ihò mẹ́sàn-án.
Ìkẹwàá, ó ní òun fi ta òkè lọ́rẹ ni.

Ti Bíọ̀ dúdú, ó fúyẹ́, rọ́bà ni ìdí rẹ̀,
àpò ọta rẹ̀ yọ nísàlẹ̀ bí ahọ́n ajá tó ti sáré.
Kò sí ohun tí ẹ ó tì, kò sí ohun tí ẹ ó fà,
ìka kan ló ku iṣẹ́ fún.
Gbò gbò gbò gbò,
òkè ò ráyè dáhùn,
ó kàn ń kùn bí ẹni tí wọ́n ń já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.
Ihò méje. Mẹ́rin nínú wọn,
owó ẹyọ kan lè bò wọ́n.

"Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré!" Bíọ̀ wí.
"Ẹtu tí ò ń dúró dè kí òkè sọ̀rọ̀ tán,
ó ti dé Kétu."
"Tìrẹ ńkọ́?" Wòrú dáhùn.
"Ihò méje lára awọ, ta ni yóò rà á?"

Wọ́n yíjú sí mi.
Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Kò sẹ́ni tó rántí.
Mo gbé ti Bíọ̀ lé èjìká òsì,
ó rọ̀ mí lára, mo fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́,
títí èèpo ọta fi gba iwájú imú mi kọjá,
ó gbóná bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo.
Ìkejì wọ ọrùn bùbá mi.
Mo kọ́kọ́ gbé ìbọn kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ sọ́nà pákó,
kí n tó jó ijó tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi.

Ti Wòrú ò béèrè ọwọ́ tí mo fi ń jẹun.
Òkè tààrà ni èèpo rẹ̀ fò sí, ó kọjá lórí gèlè mi.
Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ta mí léjìká,
nígbà kẹta, irin náà há mi níka.
Márùn-ún ni mo yìn: mẹ́ta wọ pákó,
ọ̀kan já ewé kajú,
ọ̀kan, n ò mọ̀.

"Èwo?" wọ́n ní. "Sọ ọ́."
Mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń ṣa èèpo ọta nínú koríko.
Ti Wòrú sùn pọ̀ lójú kan bí ẹyin àparò.
Ti Bíọ̀ fọ́n ká; oòrùn wọ̀, ó ku méjì.

Ọ̀kan ni mo bá lálẹ́, nígbà tí mo bọ́ bùbá,
ó ti tutù.
Èkejì ṣì wà níbẹ̀.